Ìrìn-àjò Ọdẹ́jìmí Lọ Wá Sọ́rì Ńlá

Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń rùn, kó lọ jókòó sápá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Ìwọ Bámgbàlà, gbé igbá ẹmu yẹn sílẹ̀ ná. Etí kì í gbọ́ràn dáadáa nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń ṣiṣẹ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo yìnbọn fún ẹfọ̀n kan láàárọ̀, ọ̀sán ló tó yé ẹfọ̀n náà pé òun ti kú. Mo ti bá iwin jìjàkadì, iwin ló kọ́kọ́ ní kí a sinmi. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jìmí ará Ìdí-Arère, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àfi ìparí rẹ̀ tí mo fojú ara mi rí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ọ̀nà igbó nìyẹn, kó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Bó bá padà, àwa méjèèjì á jọ sọ̀rọ̀.

Láyé àtijọ́ ní Ìdí-Arère, bí èèyàn bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló já lé e lọ́wọ́ yẹn. Á dọ̀bálẹ̀. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, á lọ wá àgbà méjì, àwọn náà á bá a dọ̀bálẹ̀. Ohun tó bàjẹ́, á tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa parí, eruku á ti bò ó láti àyà dé orúnkún, ìyàwó rẹ̀ á sì ti mọ̀ pé òmùgọ̀ lòun fẹ́.

Lọ́jọ́ kan ni akọ̀wé kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ ìlú. Ó wọ bàtà dúdú, ó so táì mọ́rùn. Bó ṣe dé iwájú ilé ìyá kan báyìí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba orí àkùkọ ìyá náà kọjá. Àkùkọ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó kú. Ìyá ṣán aṣọ mọ́dìí, ó la ẹnu láti figbe ta. Akọ̀wé bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Sọ́rì!” Ó ń lọ. Ìyá náà kò mọ ohun tí akọ̀wé wí, kò sì mọ èsì tó yẹ kí òun fọ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu títí kẹ̀kẹ́ fi wọ kọ́nà.

Gbogbo ìlú tó ń wòran mi orí. Háà! Ó pa àkùkọ, kò dọ̀bálẹ̀, kò wá àgbà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ó ń lọ sílé rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́! Wọ́n ní oògùn gidi nìyí, àwọn òyìnbó ti ń fi í pamọ́ fún wa tipẹ́.

Kí ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn tó tú, ọmọdé àti àgbà ti gbé e jẹ. Ẹni tó fẹ́ gba àárín èrò kọjá, sọ́rì ni. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí o wí, sọ́rì ni. Ìwọ fẹsẹ̀ kọ, ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ lókèèrè ní sọ́rì, àfi bí ẹni pé òun ló gbin òkúta síbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fún ọ lóbì ní sọ́rì, ó sì ń run obì náà lójú rẹ. Ẹni tó ń gbèrò láti bú ọ á kọ́kọ́ fi sọ́rì ṣí ẹnu. Ìyàwó bàbá Bámgbàlà tí ẹ ń wò yìí jó ọbẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ, ó ní sọ́rì, ó lọ sùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ogún, owó iṣẹ́ kankan kò sì wọ̀ ọ́ lápò.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó Ọdẹ́jìmí. Onígbéraga ọkùnrin ni, orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ràn ilẹ̀ rí. Ó ní Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yìí ta òun lọ́rẹ.

Ó wá ní ọ̀rẹ́ kan, Lágbàyí. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wọn, ogójì ọdún ni wọ́n sì ti jọ ń dẹ igbó. Lágbàyí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkùnrin tí kò bímọ ni, ajá kan ló ní, ajá yẹn ló ń bá a jẹun, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọ igbó láti máa lé ẹran jáde fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, kùrukùru bo igbó bí aṣọ, Ọdẹ́jìmí rí i tí ewé mì. Kò dúró wò dáadáa. Ìbọn dún gbòlà! Ohun tó ké nínú ewé yẹn kì í ṣe ẹran.

Lágbàyí sáré dé, ó bá ajá rẹ̀ nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá mi ṣe o, mi ò ní fi bò, nítorí òun náà kò fi bò nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó bojú wẹ̀yìn bíi ti akọ̀wé, ó ní, “Sọ́rì.” Ó tún fi kún un, ó ní, “Ó kúkú ti ń darúgbó.” Ó wá ń tọ ipasẹ̀ ẹran lọ.

Lágbàyí gbé òkú ajá sí èjìká wálé. Láti ọjọ́ náà, bí Ọdẹ́jìmí bá kí i, ògiri ló ń kí.

Ọ̀rọ̀ dé etí Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú. Ó pè wọ́n jọ, ó ní, “Ọdẹ méjì tí ìjà wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ wọ igbó kan náà. Lójú ẹni tó ń bínú, èèyàn a máa jọ ẹran. Ọdún Ògún ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọdẹ́jìmí, ìwọ lo ṣẹ̀. Bí Lágbàyí kò bá fẹnu ara rẹ̀ dárí jì ọ́ lójú Ògún lọ́jọ́ náà, a ó gba ìbọn rẹ, a ó gbé e kọ́ àjà, ibẹ̀ ni yóò wà títí a ó fi sin ọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn, gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, kí ló kù? Ọdẹ́jìmí ní, “Ṣùgbọ́n mo ti sọ sọ́rì fún un!” Olúọdẹ ní, “A gbọ́. Ajá kò sì jí.”

Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ti mọ ohun tó kàn. Ọ̀gá mi kò mọ̀ ọ́n. Ó délé, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní sọ́rì tí òun sọ ló kéré jù. Ti àkùkọ ni akọ̀wé mú wá, ajá sì ju àkùkọ lọ. Òun gbọdọ̀ lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ bu èyí tó tóbi. Ó tọ akọ̀wé lọ, ó ní níbo ni sọ́rì ti ń wá? Akọ̀wé ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ìhà Igbó Àtẹ̀túntẹ̀, ó ní, “Apá ibẹ̀ yẹn. Sọ́rì, iṣẹ́ ń dúró dè mí.” Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́jìmí ṣe gbé ìbọn, àpò àti ẹ̀wà yangan kọ́ èjìká, ó wọ igbó tí bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má wọ̀.

Kò rìn jìnnà tí iwin kan fi yọ sí i. Orí rẹ̀ dà bí odó tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ẹní ọmọdé. Kò kí i, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìmí, kẹ́kẹ́! Ọdẹ́jìmí pariwo. Iwin ní, “Sọ́rì.” Ọdẹ́jìmí ní kò burú. Iwin bá tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún ní, “Sọ́rì.” Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, Ọdẹ́jìmí ní, “Ìwọ iwin yìí, kí ni sọ́rì túmọ̀ sí lẹ́nu rẹ?” Iwin rẹ́rìn-ín, ó ní, “Lẹ́nu tèmi, ó túmọ̀ sí ‘má gbé ẹsẹ̀ kúrò, mò ń bọ̀’.” Ó tún gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ẹni tí yóò bá ọdẹ ṣeré kó má ṣe é lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ọdẹ́jìmí fa ọ̀bẹ yọ, ó gbé e ró sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lókè, ó fi ewé bò ó, ó sì gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ tì í. Iwin sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wìì! Ó figbe bọnu tó bẹ́ẹ̀ tí ìnàkí fi já bọ́ lórí igi. Ọdẹ́jìmí tẹ̀ síwájú, ó ní, “Sọ́rì.” Lẹ́nu tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó túmọ̀ sí “inú mi dùn púpọ̀”. Iwin tiro wọ inú igbó lọ, ọ̀gá mi náà tiro gba ọ̀nà tirẹ̀. Bó jẹ́ èmi ni, kò ní di ẹ̀ẹ̀kejì tí iwin yẹn á fi máa fi orúnkún rìn, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀.

Nígbà tí igbó tán, ó bọ́ sí ojú títì ìlú kan. Títì náà fẹ̀, ó mọ́, wọ́n gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́jìmí ń wo òdòdó, ó bá ara rẹ̀ nínú kòtò. Kòtò náà jìn dé ọrùn rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí olóyè kan tó jókòó sórí àga létí kòtò, agboòrùn ń ṣíji bò ó. Olóyè ṣí fìlà, ó gbé e lé àyà, ó fi ohùn tó dùn bí oyin wí pé, “Sọ́ọ́ọ́rì.”

Ọdẹ́jìmí ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ sí mi kí n jáde.”

Olóyè ní, “Oyè ọwọ́ nínà kọ́ ni wọ́n fi mí jẹ. Ẹnu ni.”

Ọdẹ́jìmí gun òkè jáde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara. “Bàbá, ó ti pẹ́ tí kòtò yìí ti wà níbí?”

“Bàbá mi jókòó tì í. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ.”

“Kí ló dé tí ẹ kò dí i?”

Olóyè wò ó bí ẹni tó rí wèrè. “Bí a bá dí i, kí ni kí n wá máa ṣe? Ìyàwó mẹ́ta ni mo ní!”

Kòtò mẹ́rìndínlógún ló wà lójú títì yẹn, olóyè mẹ́rìndínlógún ló jókòó tì wọ́n, oyè ìdílé sì ni. Nígbà tí Ọdẹ́jìmí fi dé ààfin, ó ti gba sọ́rì mọ́kànlá, eékún méjèèjì ti bó. Nítòsí ààfin, ó rí ìyá opó kan tó jókòó sábẹ́ pátákó ìrókò ńlá kan tí wọ́n gbé gun ògiri tó ti wó. Wọ́n fín SỌ́RÌ sí ara pátákó náà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ pupa.

Ó kí ìyá náà, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ní, “Ẹṣin ọba ló fi ìdí wó ilé mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọba fúnra rẹ̀ ló wá, ọmọ mi, pẹ̀lú fèrè àti ogún ẹlẹ́ṣin. Ó sọ sọ́rì láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Gbogbo wa sunkún. Wọ́n wá gbé pátákó yìí fún mi.”

“Ilé náà ńkọ́?”

“Ilé wo? Mo ní ọba wá!” Ìyá wo òkè. “Pátákó náà kúkú wúlò. Ó ń gba òjò lápá ọ̀tún.”

Inú bí ọ̀gá mi, kò sì mọ ìdí tí inú fi ń bí i. Ó wọ ààfin. Ọba ìlú náà sanra, ojú rẹ̀ kún fún àánú, omijé ti gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ilà. Ọdẹ́jìmí tẹrí ba díẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó ní sọ́rì tó tóbi jù lòun wá bù.

Ọba ní, “O dé ibi tó yẹ. Èwo lo fẹ́ nínú wọn? A ní èyí tó túmọ̀ sí ‘kúrò lọ́nà mi’. A ní èyí tó túmọ̀ sí ‘ìwọ lo fà á’. A ní ‘kò kàn mí’, a ní ‘mo máa tún un ṣe lọ́la’, ìyẹn ni àwọn ìjòyè mi máa ń lò. A ní ‘ó tó gẹ́ẹ́, panu mọ́’. Èyí tó túmọ̀ sí ‘ẹ wo bí àánú ṣe pọ̀ nínú mi tó’, tèmi nìyẹn, n kì í yá ẹnikẹ́ni.”

Ọdẹ́jìmí ní, “Kábíyèsí, èyí tó túmọ̀ sí ‘mo jẹ̀bi’ ńkọ́?”

Ọba wo ìjòyè ọ̀tún, ìjòyè ọ̀tún wo ti òsì. Wọ́n forí korí. Níkẹyìn, èyí tó dàgbà jù nínú wọn wúkọ́, ó ní, “Kábíyèsí, ó wà láyé àwọn bàbá wa. Eku ló jẹ ẹ́.”

“Ìyẹn kò burú,” ni ọba wí, “títóbi lo kúkú ní o fẹ́.” Ó fọn fèrè. Gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n fà á ní ohùn kan ṣoṣo: “SỌ́Ọ́Ọ́Ọ́RÌ!” Ewé já lórí igi. Ẹyẹ fò kúrò. Etí Ọdẹ́jìmí ń hó wìnnìwìnnì. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn gba ẹnu ọ̀nà ààfin. Òjò ti ń kán, ìyá opó yẹn sì ń sún sí apá ọ̀tún pátákó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àyà ọ̀gá mi ti já. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ pátákó yẹn, ó rí i kedere, pẹ̀lú òkú ajá lórí itan. Ó ní, “Kábíyèsí, èyí kò lè tó.” Ọba ní, “Kò lè tó kẹ̀? Ìwọ gan-an, ojú rẹ dára fún ìbànújẹ́. O kò ní lọ mọ́. A ó fi ọ́ jẹ Olóyè Kòtò Kẹtàdínlógún.” Kí ó tó ṣẹ́jú, ọkùnrin mẹ́fà ti gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, àwọn mẹ́fà mìíràn ti dì í mú, wọ́n ń gbé àga bọ̀.

Níbi tí ọgbọ́n ti ṣe pàtàkì ju agbára lọ, àwa ọdẹ la ni ín. Ó ti ṣàkíyèsí àṣà wọn kan: bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú ní ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mira àfi bó bá kọ́kọ́ sọ sọ́rì fún un. Ó fi ìdí ti ìjòyè àgbà, gbìì, sínú kòtò tuntun. Gbogbo ààfin jọ̀wọ́ Ọdẹ́jìmí sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ sọ́rì fún ìjòyè. Nígbà tí yóò fi kan ẹni karùn-ún, Ọdẹ́jìmí ti dé ọ̀dọ̀ ìyá opó.

Ó ní, “Ìyá, ta ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀rọ̀ sọ́rì yìí ná?”

Ìyá tọ́ka sí àpáta kan. “Ìyá Arúgbó kan ló wà nídìí rẹ̀. Ọba wa kì í lọ síbẹ̀, nítorí ìyá yẹn máa ń béèrè ìbéèrè.” Kí ó tó lọ, Ọdẹ́jìmí fi ìbọn ti ògiri, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́wàá, ó fi bo apá òsì ilé ìyá náà. Kò mọ ohun tó mú òun ṣe é. Ó ní ọwọ́ òun ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ìyá Arúgbó náà jókòó lẹ́nu ihò àpáta, ó ń fi okùn tín-ín-rín rán igbá tó fọ́. Igbá tó fọ́ yí i ká bí òkìtì. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Kí lo ṣe?”

“Mo ṣèèṣì pa ajá ọ̀rẹ́ mi, màmá.”

“Kí ni orúkọ ajá náà?”

“Ajá Lágbàyí ni.”

“Orúkọ olówó rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí ni orúkọ ajá.”

Ọdẹ́jìmí la ẹnu. Ọdún méje ni ajá yẹn fi ń ṣíwájú wọn, láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n jọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kan. Ó wá orúkọ rẹ̀, ó wá a títí, ìtìjú bò ó, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ó rántí. “Ẹ̀yìnlàárò,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

“Iṣẹ́ wo ni Ẹ̀yìnlàárò ń ṣe?”

“Ó ń wọ inú ẹ̀gún lọ lé ẹran jáde fún ọ̀rẹ́ mi.”

“Ta ló ń ṣe é báyìí?”

Ọ̀gá mi ní òun ti bá ẹkùn fojú kojú, òun kò sá, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun sá. Ìyá Arúgbó fi eyín já okùn, ó gbé igbá kan sílẹ̀, ó mú òmíràn. “Nígbà tí mo ṣe ọ̀rọ̀ yẹn,” ló wí, “ó ní ọwọ́ méjì, ó ní ẹsẹ̀ méjì, ó lè rìn dé ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ó lè gbé nǹkan. Àwọn èèyàn ní ó wúwo. Wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé ẹsẹ̀, kó lè gba ẹnu. Máa lọ sílé. Nǹkan kan kò sí níbí tí mo lè bù fún ọ.”

Ẹ má bi mí bó ṣe padà. Ẹni tó ní nǹkan ṣe nílé kì í ka odò tó là kọjá. Ó ku ọ̀la kí ó jẹ́ ọdún Ògún nígbà tó wọ Ìdí-Arère, kò sì yà sílé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ èyí tó kù láìbẹ̀rù. Ó lọ sọ́dọ̀ Lágbàyí. Lágbàyí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìbọn rẹ̀ sùn lórí itan, ara rẹ̀ ti rù. Láti ọjọ́ tí ajá ti kú, kò wọ igbó mọ́.

Ọdẹ́jìmí mú ṣaworo jáde nínú àpò, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn, ó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà igbó.

Lágbàyí wò ó títí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá a sọ̀rọ̀ látìgbà tí ajá ti kú. “Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń dúró dè ọ́. Ẹ̀yìnlàárò ló ń ṣíwájú, ìwọ lò ń tẹ̀ lé e.”

Bí Lágbàyí ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, ó dìde, ó ki ẹ̀tù sínú ìbọn. Bí inú rẹ̀ ṣe rí, n kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé èmi fúnra mi fi ìṣísẹ̀ ogún jìnnà sí wọn.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó ń rá pálá nínú ẹ̀gún, ṣaworo ń ró, ó ń gbó! Ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Aṣọ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹtu kan fò yọ níwájú rẹ̀, Ọdẹ́jìmí sì bọ́ sí ọ̀gangan kan náà pẹ̀lú ẹtu náà. Lágbàyí gbé ìbọn sójú.

Èmi rí i. Ẹnu ìbọn yẹn dojú kọ ẹ̀yìn Ọdẹ́jìmí, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo bi ọ̀gá mi pé kí ló rò nígbà yẹn. Ó ní, “Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹnu ìbọn. Mo mọ̀ pé bó bá yìn ín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa wá sọ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi ò sì ní rí èsì fọ̀.” Ó ní òun fẹ́ sá. Kò sá. Ẹnu ìbọn yẹ̀ díẹ̀ sápá kan, gbòlà! Ẹtu ṣubú.

Ọdẹ́jìmí dojú bolẹ̀ nínú èéfín. Lágbàyí wá, ó dúró lé e lórí. Ó ní, “Dìde. Bí ẹran bá ti ṣubú, Ẹ̀yìnlàárò kì í dùbúlẹ̀ mọ́.” Ó wá jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí ajá rẹ̀ ti kú. Ọdẹ́jìmí rá wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà sunkún. Èmi ni mo gbé ẹtu wálé.

Ọjọ́ kejì ni ọdún Ògún. Gbogbo ọdẹ péjọ. Olúọdẹ dìde, ó ní, “Lágbàyí, lójú Ògún, ṣé o ti dárí ji Ọdẹ́jìmí?”

Lágbàyí ní, “Rárá o.”

Àwùjọ kùn. Lágbàyí ní, “Ẹran kan péré ló tíì lé fún mi. Ẹ̀yìnlàárò lé ẹran fún mi fún ọdún méje. Ó ku ọ̀pọ̀.”

Olúọdẹ mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́. Ọdẹ́jìmí kò jiyàn. Ó bọ́ ìbọn léjìká, ìbọn bàbá rẹ̀, ó gbé e lé Olúọdẹ lọ́wọ́, ó padà, ó jókòó sí ẹsẹ̀ Lágbàyí.

Ìgbà náà ni Lágbàyí tí kì í sọ̀rọ̀ dìde. “Olúọdẹ,” ló wí, “ẹ má bínú, ẹ dá ìbọn yẹn padà. Àwa méjèèjì là ń wọ igbó lọ́la. Bí ẹkùn bá yọ sí wa, kí ni ajá mi fẹ́ fi gbà mí? Eyín? Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀!” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Lágbàyí kò rẹ́rìn-ín, ó wo gbogbo wa yíká. “Ajá tó ń gbé ìbọn, ta ló ní irú rẹ̀ nínú yín?”

Ẹ̀rín náà mú Olúọdẹ débi pé ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a padà. Ọdẹ́jìmí gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi jọ lọ, òun níwájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún kẹjọ, Lágbàyí ní, “Ó tó.” Ọdẹ́jìmí ní kò tíì tó, ó ṣíwájú.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyí. Èmi ti sọ tèmi, ẹnu mi gbẹ, Bámgbàlà, gbé igbá yẹn wá. Ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ nínú yín kó dìde lọ bá a báyìí, ilẹ̀ kò tíì ṣú.